Odò Tó Pín Wa Ni Wọ́n Fi Ṣàmì Ìṣọ̀kan

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́ ìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn sọ nílùú Èkó. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àyàfi ibi tí ikọ́ ti ń dà mí láàmú.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru. Alága ètò ti bẹ̀ mí pé kí n má pẹ́ jù, mo sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá gbé makirofóònù lé e lọ́wọ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ má yọ fóònù o. Àmì ọ̀pá àṣẹ Nàìjíríà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coat of arms, èyí tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀, tí ẹṣin méjì gbé ró lọ́tùn-ún lósì: àwọ̀ wo ni ẹyẹ yẹn?

(Ariwo látọ̀dọ̀ èrò: “Àwọ̀ ewé!”)

Mo mọ̀! Bọ́ọ̀lù ló kọ́ yín. Green Eagles ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lẹ́yìn òmìnira, títí di 1988 tí Kamẹrúùnù fi góòlù kan ṣoṣo nà wá ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní Casablanca, tí a wá sọ wọ́n di Super Eagles. Lára ẹyẹ àmì yìí ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n pupa ni ẹyẹ ọ̀hún, pupa fòò. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gba Tafawa Balewa Square kọjá nígbà tó bá ń lọ sílé. Idì méje ló wà ní ẹnu géètì ibẹ̀, pupa ni wọ́n, ẹṣin funfun mẹ́rin sì ń fò sókè lórí géètì náà. Abẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ yín ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti kékeré. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ yẹn náà ni pápá tí àwọn òyìnbó ti ń sá eré ẹṣin, ibẹ̀ náà la ti fa àsíá wọn wálẹ̀ tí a fa tiwa sókè lóru ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ẹṣin ẹlẹ́ran ara ti sáré níbẹ̀ kí ẹṣin oníkọnkéré tó dé.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Àwọn tó ya àmì yìí wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé tòun ni. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i, odò ni. Odò tó pín ilẹ̀ wa sí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe àmì pé a jẹ́ ọ̀kan. Ṣé ọgbọ́n ni, àbí ẹ̀rù? Lójú tèmi, méjèèjì ni.

Ìràwọ̀ tó wà kí ẹyẹ tó dé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, ta ló ná kọ́bọ̀ oníhò rí nínú yín? Mo rí ọwọ́ ìyá kan. Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ rántí pé ihò wà láàárín kọ́bọ̀ náà, a máa ń fi okùn so ó pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ló yí ihò náà ká? Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ni. Ó wà lára kọ́bọ̀, ó wà lára eépìnnì, ó wà lára àníní tí kò lè ra nǹkan kan lónìí.

Irú ìràwọ̀ yẹn ni Lugard fi ṣe àmì Nàìjíríà nígbà tó so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1914. Ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé lórí àwo pupa, adé wà nínú rẹ̀, orúkọ Nàìjíríà wà lábẹ́ adé. Adé ta ni? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kì í ṣe adé Aláàfin, kì í ṣe adé Ọba Bìní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe láwàní Sókótó. Adé ọba Lọ́ńdọ̀nù ni. Wọ́n fi í sára àsíá búlúù tí àsíá Gẹ̀ẹ́sì wà ní igun rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di òmìnira. Àmì onílé ni, tó fi ń sọ ẹrù rẹ̀ di mímọ̀. Ẹrù kì í sì í bá onílé jiyàn orúkọ tó kọ sí i lára.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1959, nígbà tó ku ọdún kan. Wọ́n ṣe owó ẹyọ tuntun fún Nàìjíríà nìkan. Wọ́n fi ìràwọ̀ sílẹ̀ lára kọ́bọ̀ àti eépìnnì, àmọ́ lára àwọn tó kù, nǹkan oko ni wọ́n yà sí i: òwú lára tọ́rọ́, kòkó lára sísì, imọ̀ ọ̀pẹ lára ṣílè, ẹ̀pà lára ṣílè méjì. Ta ló ń gbin òwú àti ẹ̀pà? Àríwá. Kòkó ńkọ́? Àwa níhìn-ín. Ọ̀pẹ? Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ìlà-Oòrùn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń yàwòrán ti ń fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan, kí ẹnì kan má baà sọ pé wọ́n fo òun? Òṣùwọ̀n yẹn náà ni wọ́n gbé dé ìdí àmì ọ̀pá àṣẹ.

Iṣẹ́ àwọn olùyàmì

Ibi yìí kò ní pẹ́, torí ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àṣà kí a máa ya àmì sára apata ti pẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin wọn a máa fi irin bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, ojú pàápàá kò hàn. Ta ni ọ̀rẹ́, ta ni ọ̀tá? Àwòrán ara apata ni wọ́n fi ń mọ̀. Nígbà tó yá, ó di ohun ìdílé, ó di ohun ìlú, ó di ohun tí ọba ń fúnni. Ní 1484 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ àwọn olùyàmì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Òfin méjì wọn ló kàn wá. Èkíní: funfun àti ìyeyè, tí wọ́n kà sí fàdákà àti wúrà, ni kí a gbé lé àwọ̀ tó ṣú. A kì í gbé àwọ̀ tó ṣú lé àwọ̀ tó ṣú, kí ojú lè rí i láti òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí odò wa fi funfun lórí apata dúdú. Èkejì: wọ́n fẹ́ràn àmì tó bá ń fi orúkọ ẹni ṣeré. Ibo la ti rí orúkọ Nàìjíríà? Lára odò Niger ni. Flora Shaw ló dá orúkọ náà lábàá nínú ìwé ìròyìn *The Times* ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 1897. Nítorí náà, ẹni tó bá ya odò sára apata wa ti kọ orúkọ wa láìlo lẹ́tà kankan.

Aṣọ tí wọ́n lọ́ pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, aláwọ̀ ewé àti funfun, òfin wọn ló bí i. Aṣọ tí ẹlẹ́ṣin ń lọ́ mọ́ àṣíborí irin rẹ̀ ni. Èmi ọ̀ṣùká ni mo máa ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn kì í sì í gbàgbé: ẹyẹ kò lè dúró lórí apata lásán, ọ̀ṣùká ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Odò

Ẹ wá jẹ́ ká wo apata fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Dúdú ara rẹ̀, ilẹ̀ wa tó lọ́ràá ni wọ́n ní ó dúró fún. Lórí dúdú yẹn, odò funfun ń ṣàn bí lẹ́tà Y. Ọ̀kan ti igun òkè lápá òsì wá, ọ̀kan ti igun òkè lápá ọ̀tún wá, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n di ẹyọ kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Odò Ọya ń ti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn bọ̀, láti orí òkè ní Guinea. Bẹ́núé ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, láti òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù. Wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n forí lé òkun. Bákan náà ni! Ẹni tó ya apata yìí, àwòrán ilẹ̀ ló yà.

Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Patti ní Lọ́kọ́ja rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Odò méjèèjì fẹ̀ débi pé ojú lásán kì í tètè mọ èyí tí í ṣe èwo. Omi wọn a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dà pọ̀, bí àlejò tí kò tíì mọra. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, bá ọkọ̀ òyìnbó dé ní 1841. Ó tún padà bá wọn gba orí odò náà ní 1854 àti 1857. Ibẹ̀ náà ni Lugard fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, tí ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Ìpàdé odò kì í ṣe ibi lásán nínú ìtàn yìí.

Kí n sọ nǹkan kan tí ìjọba kì í sọ. Wọ́n sá fún òrìṣà gbogbo nígbà tí wọ́n ń ya àmì yìí. Kò sí Ṣàngó, kò sí Ògún, kò sí àgbélébùú, kò sí òṣùpá àti ìràwọ̀. Síbẹ̀, Ọya yọ́ wọlé! Obìnrin náà tí wọ́n ń kí ní Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Iansã ní Bàhíà nílẹ̀ Bràsíl, òun ló nà gbalaja lórí apata ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́ya tó wà láàárín wa, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

(Ẹ̀rín.)

Ó dáa. Lẹ́tà Y yẹn pín apata sí mẹ́ta: òkè, òsì, ọ̀tún. Ní 1960, ẹkùn mélòó ni Nàìjíríà ní? Mẹ́ta. Àríwá wà lókè, Ahmadu Bello ni olórí rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn wà lápá òsì, Akíntọ́lá ni olórí rẹ̀. Ẹ má sọ pé Awólọ́wọ̀ o, Awólọ́wọ̀ ti lọ ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò ní Èkó nígbà yẹn. Ìlà-Oòrùn wà lápá ọ̀tún, Okpara ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò wo apata yìí ní ọdún náà tí kò ní rí ilé mẹ́ta tí odò là láàárín? Wọ́n ní kí a wo ibi tí omi ti pàdé. Ojú olóṣèlú, ibi tí ilẹ̀ ti yà ló ń wò.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ẹ rántí pé ní 1957 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ Willink dìde, kó lọ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń bẹ̀rù pé àwọn ńlá yóò gbé àwọn mì lẹ́yìn òmìnira. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwa náà, torí Ìlọrin, Ọ̀fà àti Kàbà, tó wà ní ìhà ìhín Odò Ọya, Àríwá ni wọ́n kà wọ́n mọ́. Ẹ ò rí i bí odò kò ṣe pín èèyàn bí àwòrán ilẹ̀ ṣe ń pariwo? Àwọn Ìgbò Asaba wà ní ìhà ìhín, lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn. Àwọn Tiv wà létí Bẹ́núé lọ́tùn-ún lósì. Àwọn Nupe ń tu ọkọ̀ láti ìhà kan sí ìkejì lójoojúmọ́ ayé wọn. Odò kò pín ẹnì kankan níyà. Ìwé ìjọba ló pín wọn, wọ́n wá lọ di ẹ̀bi ru odò.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan ń yí padà. Ẹkùn di mẹ́rin ní 1963. Ní 1967, Gowon gé e sí ìpínlẹ̀ 12. Ó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọdé ní sífíìkì, ẹ mọ bí a ṣe ń pa iwé àtijọ́ rẹ́ tí a ń kọ tuntun. Àmọ́ Y ara apata kò yí padà rí. Ilé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tú, odò ṣì wà níbẹ̀. Ní 1967 kan náà, nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń padà sẹ́yìn wó lára afárá tó so Asaba mọ́ Onitsha, afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1965. Àmì wa ń sọ pé odò ni ìpàdé, lẹ́yìn ọdún méje péré odò náà di ibi tí ọmọ ogun ń yìnbọn sí ara wọn. Àmì kò mọ ohun tí onílé yóò ṣe.

Àwọn tí wọn kò pè sí ibi àsè

Ohun tí a kò rí nínú àwòrán a máa sọ̀rọ̀ ju èyí tí a rí lọ. Ẹ bi ara yín: kí ló dé tí idì fi wà níbẹ̀? Bí Yorùbá bá ń yan ẹyẹ ọba, ọ̀kín ni yóò yàn. Ẹyẹ ló wà lórí adé àwọn ọba wa láti ayébáyé. Kí ló dé tí kò sí orí idẹ Ifẹ̀, èyí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tí gbogbo ayé sì ti mọ̀ ọ́n kí òmìnira tó dé? Kí ló dé tí kò sí ojú Ìyá Ọba Idia ti Bìní, èyí tí a wá lò fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977? Ìdáhùn kò le. Bí wọ́n bá gbé orí Ifẹ̀ síbẹ̀, Kánò yóò bínú. Bí wọ́n bá gbé ti Bìní, àwa náà yóò kùn. Ẹ má sẹ́ o, mo mọ̀ wá.

Ẹṣin ńkọ́? Wọ́n ní iyì ni ẹṣin dúró fún. Ọlọ́gbọ́n ẹranko ni wọ́n yàn. Àríwá ní ẹṣin, wọ́n ń fi í ṣe ayẹyẹ níwájú ẹmíà. Ọ̀yọ́ ilé ní ẹṣin, ẹṣin ni wọ́n fi jagun títí irù igbó fi ń pa á. Ìjẹ̀bú Òde ní Ojúde Ọba: ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta iléyá kẹ́ ẹ rí àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin tó gba ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ju ìyàwó lọ. Ọmọ kíláàsì kẹrin kan nílé ìwé tí mo lọ bẹ̀ wò bi mí pé, “Bàbá, ṣé àwọn ẹṣin yẹn fẹ́ wọ odò ni àbí wọ́n ń sá fún un?” Mo ní wọ́n kàn gbé apata dúró ni. Ó ní, “Ẹsẹ̀ wọn ń bẹ lókè, wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé aládùúgbò. Gánà ya tirẹ̀ ní 1957, Amon Kotei ló yà á, orúkọ rẹ̀ kò sì sọnù. Gánà kò bẹ̀rù. Wọ́n gbé idà àti ọ̀pá agbẹnusọ ọba sórí apata wọn, wọ́n gbé igi kòkó síbẹ̀, wọ́n gbé ihò wúrà síbẹ̀, wọ́n sì tún gbé kìnnìún Gẹ̀ẹ́sì sí àárín gbùngbùn. (Èyí tí mo rò pé wọn ì bá ti yọ kúrò tipẹ́.) Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní àmọ̀tẹ́kùn méjì tó gbé apata ró. Ó lẹ́wà, mo gbà. Ṣùgbọ́n àmọ̀tẹ́kùn ni àwọn ọba Abomey, àwọn ọba Dàhòmì àtijọ́, fi ń pe ara wọn lọ́mọ. Ẹ wá lọ béèrè lọ́wọ́ ará Kétu, ọmọ Yorùbá bí tiwa, tí ogun Dàhòmì wó ìlú wọn ní 1886: báwo ló ṣe rí lójú yín bí àmọ̀tẹ́kùn bá wà lára ìwé ìrìnnà yín? Wọ́n fi ilé gogoro àwọn Somba ti àríwá sára apata náà láti fi tù wọ́n nínú níhà ibẹ̀. A kò rí ti Kétu.

Nígbà tí mo bá rántí Kétu, ni mo máa ń yìn ẹni tó yan odò fún wa. Odò kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ohun tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ta ló ń fi àmì yìí ṣe ọ̀ṣọ́ sílé? Àsíá, a ń fà á sókè, a ń yí i mọ́ra lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Àmì ọ̀pá àṣẹ, kóòtù ni a ti ń rí i lórí àga adájọ́, ara lẹ́tà tó ń bèèrè owó orí ni a ti ń rí i. Kì í bá wa wá síbi ayẹyẹ.

Òdòdó àti ọlọ́dà

Mo ti ṣèlérí pé n óò mú yín dé ìdí àmì náà. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, koríko ló wà, òdòdó sì wà nínú koríko. Àwọ̀ wo ni òdòdó náà? (Èrò: “Pupa!”) Ẹ̀yin tó sọ pé ẹyẹ jẹ́ àwọ̀ ewé náà ló tún ń dáhùn o. Pupa ni wọ́n ń yà á, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òdòdó tí wọ́n ní í lọ́kàn, *Costus spectabilis* lórúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìyeyè ni. Ìyeyè bí ìyeyè tó pọ́n. Inú ọ̀dàn ló máa ń hù. Ní ẹ̀rùn, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń sùn nínú ilẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ewé mẹ́rin yóò yọ, wọn kì í ga, wọn a tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀, òdòdó yóò sì yọ láàárín wọn láìní igi. Wọ́n yàn án torí ó wà káàkiri ilẹ̀ wa. Ìbátan rẹ̀ ni tètèrègún tí ẹ̀yin ìyá ń rà lọ́dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ. Àwọn ọlọ́rìṣà Bàhíà náà mọ ewé tètèrègún, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Mo dúró ti ọlọ́dà kan ní Múṣin, tó ń ya àmì yìí sí ara ògiri ilé ìwé ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà Y, ó kun dúdú yí i ká, ó fi funfun ṣe odò, ó rọra gbọ̀n ọwọ́ kí etí odò lè rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó kun ẹyẹ ní pupa. Láìfọ búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi í tọ́ òdòdó tó, tó, tó, ó tán. Mo bi í pé kí ló dé tí òdòdó fi pupa. Ó wojú mi bíi pé mo ń bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ọ̀dà pupa ṣì wà lára búrọ́ọ̀ṣì.” Mo ní yẹ́lò ni wọ́n ní kó jẹ́. Ó ní, “Ẹ ra yẹ́lò wá.”

(Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́.)

Ẹ má dá a lẹ́bi, torí pupa ni òdòdó náà nínú àwòrán tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé pupa kò tilẹ̀ sí nínú àsíá wa. Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn tó ya àsíá nígbà tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ya oòrùn pupa sí àárín funfun. Àwọn onídàájọ́ yọ oòrùn náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni pupa kúrò lára àsíá, tó wá kù sára ẹyẹ nìkan. Ó yẹ kí pupa ẹyẹ yẹn dá dúró kí gbogbo ojú lè rí i. Òdòdó pupa ló ń bà á jẹ́.

Akínkúnmi kú ní Ìbàdàn ní 2023, gbogbo orílẹ̀-èdè sì mọ̀ pé òun ló ya àsíá. Ẹ wá bi ọmọ ilé ìwé yín pé ta ló ya àmì ọ̀pá àṣẹ, kẹ́ ẹ rí bí kíláàsì yóò ṣe dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀

Èyí ló kù. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, àkọmọ̀nà wà níbẹ̀: Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́, Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú. Ní 1978 ni ó di bí a ṣe ń kà á lónìí, lásìkò ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Èyí tó wà ṣáájú kúrú jù ú lọ. Ọdún kan náà ni wọ́n yí orin orílẹ̀-èdè padà, ẹ sì mọ̀ pé ní 2024 a tún padà sí orin àtijọ́. Orin lọ, orin dé. Ìwé òfin 1999 fi àkọmọ̀nà náà sí abala 15. Àmọ́ ẹ ka abala 24, níbi tí wọ́n ti ka ohun tí ọmọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún: wọ́n dárúkọ àsíá, wọ́n dárúkọ orin, wọ́n dárúkọ ẹ̀jẹ́. Wọn kò dárúkọ àmì ọ̀pá àṣẹ. Àní lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò pàápàá, ó di ọmọ tí a kò pè.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà, ìdí kan náà tí wọ́n fi yan odò ni: kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Gúúsù Áfíríkà ní irú ìṣòro yìí nígbà tí wọ́n ń ṣe tuntun ní ọdún 2000. Èdè mọ́kànlá ni òfin wọn mọ̀ nígbà náà. Èwo ni wọ́n yàn? Kò sí èyíkéyìí nínú wọn. Èdè ǀXam ni wọ́n lò, èdè àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́ láyé. Wọ́n yan ohun tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni bíi tiwa, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti wú u jáde. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Bí wọ́n bá bi èmi lónìí bóyá ká ya tuntun, n óò ní rárá. Ẹ fi odò sílẹ̀. Ẹ fi ẹṣin sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà, ẹ lè kọ ọ́ ní èdè mélòó kan lára àwọn èdè wa, apata kò ní wó. Òdòdó ni kẹ́ ẹ fún ní àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí kò nílò àṣẹ Àbújá fún ìyẹn: yẹ́lò wà lọ́jà, ògiri sì wà nílé ìwé yín.

Alága ti ń wo aago. Mo rí ọwọ́ mẹ́ta lókè. Ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé ìwé lẹ́yìn yẹn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bi mí. Ẹ gbé makirofóònù fún un.